Ẹ Wo Ẹni Tó Fẹ́ Wa Ọkọ̀ Yín Dáadáa

Lóru June 12, 2023, àwọn tó lọ síbi ìgbéyàwó ní Egboti, ní ìpínlẹ̀ Niger, ń padà sílé lápá Patigi, ní Kwara. Alùpùpù ni ọ̀pọ̀ wọn gùn lọ, ṣùgbọ́n òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, ni wọ́n bá rọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo. Wọ́n ní igi tó wà nínú omi ni ọkọ̀ náà gbá. Àwọn tó kú lé ní 100.

Háà! Lójú tèmi, kí ọkọ̀ yẹn tó kan igi ni ọ̀ràn ti bàjẹ́. Èrò ti pọ̀ jù, ilẹ̀ sì ti ṣú.

Àwa ará Isuada àti Ọ̀wọ̀, orí ilẹ̀ là ń gbé. Odò Ọ̀sẹ̀ ò jìnnà sí wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló mọ àjẹ̀ dì mú bí ọmọ Ìlàjẹ? Bí ọjà ẹja tàbí ìnáwó òkú bá gbé wa dé Igbókòdá, tí wọ́n ní ká bọ́ sínú ọkọ̀, àgbà tó ń pàṣẹ lọ́jà di ọmọdé nìyẹn. Ìyálọ́jà, ẹ má bínú o!

Ẹni tó fẹ́ kó yín lọ, ẹ wò ó létí omi. Ṣé ó ka orí yín? Ṣé ó bèèrè ẹni tí kò mọ̀wẹ̀? Atukọ̀ gidi á ti so láìfù jákẹ́ẹ̀tì mọ́ yín lára kí ẹ tó wọlé. Kò ní fi ṣe ìrọ̀rí. Àárín ọkọ̀ ló ń fi àlejò sí, kí wọ́n jókòó sísàlẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á wà nídìí ọkọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ bá a wa ọkọ̀, ibi tí omi ò ti jìn ni yóò ti kọ́ yín. Bí ọkọ̀ bá tó mẹ́ta, ọ̀jáfáfá kan á ṣáájú, òmíràn á gbẹ́yìn, ẹ̀yin ọ̀gbẹ̀rì á wà láàárín; ẹni tó ń falẹ̀ jù ni gbogbo wọn á dúró dè.

Ẹ bọ́ agbádá, ẹ ká gèlè sínú báàgì. Tí ìró bá ti mumi tán, ẹsẹ̀ ò ríbi gbé mọ́.

Ìgbì dé? Ẹ má dìde. Ìbẹ̀rù tó ń mú èèyàn rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan lè dojú ọkọ̀ dé. Bó bá sì dojú dé, ẹ di ọkọ̀ náà mú, torí ọkọ̀ igi kì í tètè rì. Igi tó wó dínà odò ńkọ́? Ẹ jìnnà sí i! Omi á gba àárín ẹ̀ka rẹ̀ kọjá, èèyàn á há síbẹ̀.

Bí atukọ̀ bá sì ní òjò ti ṣú, òun ò lọ mọ́, ẹ má bú u. Ẹ wábi sùn, kí ẹ ránṣẹ́ sílé pé ó di àárọ̀.