Ipò Ìyáàlù Láàárín Ọ̀tún àti Òsì: Àkíyèsí lórí Títo Ohùn Ìlù Dùndún Nínú Kọ̀ǹpútà

Ẹni tó bá dúró ní Ìdí Arère nígbà tí àwọn onílù dùndún ń ti apá Ọjà'ba bọ̀ kò ní láti wojú wọn kí ó tó mọ ọwọ́ tí ìyáàlù wà. Bí ó bá wà lápá ọ̀tún, etí ọ̀tún ni ohùn rẹ̀ yóò kọ́kọ́ dé, yóò sì ròkè níbẹ̀ díẹ̀ ju ti òsì lọ, nítorí pé orí dínà fún un. Àsìkò tó wà láàárín dídé rẹ̀ sí etí méjèèjì kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, síbẹ̀ ọpọlọ a máa lò ó. Ìmọ̀ yìí wà nídìí ohùn sítẹ́ríò, èyí tí Alan Blumlein kọ̀wé béèrè ẹ̀tọ́ olùdásílẹ̀ lé lórí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1931.

Nínú ètò kọ̀ǹpútà bí Audacity, tó jáde ní 2000, ọ̀pá kékeré kan ni a fi ń darí ohùn. Bí a bá ti ọ̀pá náà sí òsì, ohùn yóò máa rọlẹ̀ ní ọ̀tún títí yóò fi dákẹ́ níbẹ̀. Etí ni a tàn. Ìyàtọ̀ agbára nìkan ni a lò, a kò fọwọ́ kan ti àsìkò.

Màíkirofóònù kan ṣoṣo kò lè jẹ́ kí á to àwọn onílù. Ibi tí a bá ti ìyáàlù sí ni gúdúgúdú àti kẹríkẹrì yóò bá a lọ. Bí olúkúlùkù bá ní tirẹ̀, a lè fi gúdúgúdú sí òsì, kí á fi ìṣáájú sí ọ̀tún, kí ìyáàlù sì dá àárín ní. Èyí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ni ìyáàlù fi ń sọ̀rọ̀. Bí àwọn ìlù yòókù bá bò ó mọ́lẹ̀, oríkì di ariwo.

Ewu gan-an wà nínú ohùn tí a ti gbà ní sítẹ́ríò tẹ́lẹ̀. Níbẹ̀, títi ọ̀pá sí òsì kò gbé ohùn ọ̀tún wá sí òsì. Ńṣe ni ó pa á. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀tún ni ìyáàlù wà, a ti pàdánù ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohun tó yẹ ni kí á kọ́kọ́ ya ọ̀nà méjèèjì sọ́tọ̀, kí á tó darí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ó tún yẹ kí á ro ti olùgbọ́. Sọ́ọ̀bù tó so sípíkà kan ṣoṣo mọ́ ọ̀nà òsì kò ní gbọ́ ohunkóhun tí a bá tì pátápátá sí ọ̀tún. Àwọn tó ń ju ìyáàlù láti etí kan sí èkejì, kìkì nítorí pé ẹ̀rọ gbà wọ́n láyè, kò ro ti irú olùgbọ́ bẹ́ẹ̀. Fóònù tó ń pa ọ̀nà méjèèjì pọ̀ sàn díẹ̀. Àwọn ètò kan a máa dín ohùn àárín kù ní dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 3 ní ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a bá pa wọ́n pọ̀, ohun tó wà láàárín yóò fi dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 3 ròkè ju ohun tó wà létí lọ. Nínú orin mìíràn, àléébù ni a ó kà á sí. Ní ti dùndún, ìyáàlù ni yóò jèrè rẹ̀.