Etí Gìtá Onímànàmáná

Bí ènìyàn bá gbé gìtá onímànàmáná lé itan, tí ó sì ta okùn rẹ̀ láì tíì so ó mọ́ ẹ̀rọ kankan, ẹni tí ó wà ní yàrá kejì lè má mọ̀ pé ẹnì kan ń ta gìtá nínú ilé náà. Gìtá àtijọ́ ní ihò nínú, ikùn rẹ̀ ni ó sì fi ń sọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí agbè ti ń fi ikùn rẹ̀ gbé ohùn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ gìtá onímànàmáná kò ní ikùn rárá. Igi líle gbáko ni ara wọn. Síbẹ̀, nígbà tí a bá so wáyà mọ́ irú gìtá bẹ́ẹ̀, tí a sì tan ẹ̀rọ agbóhùnsókè tí àwọn olórin ń pè ní áńpù, gìtá kan náà yìí ni yóò máa bá ìlù mẹ́fà du ọ̀rọ̀ lójú agbo. Ohun kékeré kan tí ó wà lábẹ́ okùn, tí kò fi bẹ́ẹ̀ gùn ju ìka ọwọ́ lọ, ni ó mú kí ó rí bẹ́ẹ̀. Píkọ́ọ̀pù ni àwọn olórin ń pè é. Bí a bá pè é ní etí gìtá, a kò ṣìnà, nítorí pé òun ni ó ń gbọ́ ohun tí okùn ń sọ, tí ó sì ń rò ó fún áńpù. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ rẹ̀, ohùn gìtá náà ni ó pààrọ̀.

Etí yìí kò dà bí etí ènìyàn tí ń gbọ́ ohun tí ó ń bẹ nínú afẹ́fẹ́. Ìmìtìtì irin ni ó ń gbọ́. Ẹ jẹ́ kí a mú gìtá Stratocaster, tí ilé-iṣẹ́ Fender ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1954, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, nítorí pé àwòṣe rẹ̀ ni ó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ olórin. Píkọ́ọ̀pù mẹ́ta ni ó wà lára rẹ̀. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni òòfà kéékèèké mẹ́fà wà, ọ̀kan lábẹ́ okùn kọ̀ọ̀kan. Yí àwọn òòfà wọ̀nyí ká ni a wé wáyà bàbà sí, ní nǹkan bí ìgbà 8,000. Wáyà náà tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí kò nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Bí a bá sì tú u nà sílẹ̀, yóò gùn ju kìlómítà kan lọ. Okùn gìtá, ẹ̀wẹ̀, irin ni. Nígbà tí a bá ta á, tí ó ń gbọ̀n lókè òòfà, yóò máa da agbára òòfà náà láàmú, ìdààmú yìí ni yóò sì bí ìṣàn mànàmáná díẹ̀ nínú wáyà bàbà. Michael Faraday ni ó fi irú iṣẹ́ yìí han aráyé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1831, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì ro ti gìtá mọ́ ọn. Ìṣàn tí ó ti inú píkọ́ọ̀pù jáde kéré púpọ̀. Iṣẹ́ áńpù ni láti sọ ọ́ di ńlá. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé bí a bá fi okùn ọ̀rá sí orí gìtá yìí, a ó ta á títí, áńpù kò ní sọ nǹkan kan.

George Beauchamp àti Adolph Rickenbacker ni ó kọ́kọ́ fi ọgbọ́n yìí ṣe gìtá tí ó dé ọjà, ní ìlú Los Angeles, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1930 sí 1935. Ara gìtá náà rí roboto, ọrùn rẹ̀ sì gùn, nítorí náà àwọn ènìyàn fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé páànù ìdíńkan ni. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ní 1949 ni Àyìndé Bákàrè, olórin jùjú, bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀rọ gbé ohùn gìtá rẹ̀ sókè. Ohun kékeré kọ́ ni èyí nínú orin jùjú. Gìtá tí kò ní ẹ̀rọ kò lè jókòó láàrin gángan àti àwọn ìlù mìíràn kí a sì gbọ́ ọ dáadáa. Nígbà tí ó rí ẹ̀rọ tì í lẹ́yìn, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ jùjú rí àyè fi ìlù kún ìlù, gìtá kò sì rì sábẹ́ wọn.

Ṣùgbọ́n etí tí ó mú jù a máa gbọ́ ohun tí kò kàn án. Mànàmáná tí ń bẹ nínú wáyà ilé kì í dúró sí ojú kan. Ní Nàìjíríà, ìgbà 50 ni ó ń lọ tí ó sì ń bọ̀ láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní Amẹ́ríkà, ìgbà 60. Wáyà tí a wé ní ìgbà 8,000 a máa gba ìlọ-bọ̀ yìí mú, gìtá a sì máa kùn hùùù bí ẹni pé oyin ń bẹ nínú áńpù. Seth Lover, ẹni tí ó ń bá ilé-iṣẹ́ Gibson ṣiṣẹ́, ni ó wá ojútùú sí èyí ní 1955. Ó fi ìká wáyà méjì ti ara wọn, ó jẹ́ kí ìṣàn inú èkejì máa gba ọ̀nà òdì sí ti èkíní, ó sì yí ojú òòfà èkejì padà pẹ̀lú. Ariwo tí ó wá láti ita kò mọ òòfà. Bí ó ti ń ti èkíní síwájú ni ó ń fa èkejì sẹ́yìn, àwọn méjèèjì a sì pa ara wọn. Ṣùgbọ́n ohùn okùn ti ara òòfà wá. Nítorí pé a yí wáyà padà, tí a sì tún yí òòfà padà, ìyípadà ẹlẹ́ẹ̀mejì náà mú un padà sí ọ̀nà kan náà, agbára rẹ̀ sì pọ̀ sí i. Ọgbọ́n yìí dára púpọ̀. Síbẹ̀, àwọn olórin kò pa oníká-kan tì, nítorí pé ohùn rẹ̀ a máa mọ́ gaara, a sì máa dán, nígbà tí ti oníká-méjì a máa nípọn.

Láti ìgbà tí ohùn méjèèjì yìí ti wà ni ọkàn àwọn olórin ti ń fà sí fífi etí gìtá kan sí ara gìtá mìíràn. Ní 1972, Larry DiMarzio ní New York gbé píkọ́ọ̀pù kan jáde tí ó jẹ́ pé fún pípààrọ̀ gan-an ni ó ṣe é. Eddie Van Halen, ẹni tí ó ta gìtá gbajúmọ̀ jákèjádò ayé láti 1978, mú píkọ́ọ̀pù oníká-méjì láti ara gìtá Gibson, ó sì fi í sínú ara gìtá tí a gbẹ́ bí Stratocaster. Lónìí, ọ̀dọ́ tí owó rẹ̀ kò tó gìtá olówó ńlá lè ra èyí tí kò wọ́n, kí ó sì fi píkọ́ọ̀pù tí ó dára sí i. Bí ọrùn gìtá náà bá tọ́, tí okùn rẹ̀ kì í sì í yẹ̀ kúrò lórí ohùn, owó tí ó ná kò ṣòfò.

Bí ọrùn kò bá tọ́ ńkọ́? Píkọ́ọ̀pù wo ni yóò wo èyí sàn? Àìmọye olórin ni ó ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tí ó ń pa làpálàpá nípa ọ̀ràn yìí. Okùn tí ó ti pẹ́, tí ó sì ti dípẹtà, kì í dún gaara, etí yòówù kí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ohùn bá ń lọ tí ó ń bọ̀ nígbà tí a bá mi wáyà, ojú ihò tí a ń ki wáyà bọ̀ ni kí a tún ṣe. Bí ohùn bá kéré, ó lè jẹ́ pé píkọ́ọ̀pù jìnnà sí okùn. Skúrù méjì ni a ó yí, kò sì gba kọ́bọ̀. Ẹni tí ó bá fura pé píkọ́ọ̀pù ti kú, kí ó fi mítà tí àwọn atún-rédíò-ṣe ń lò wò ó. Píkọ́ọ̀pù Stratocaster tí ó wà láàyè yóò fi nǹkan bí 6,000 óòmù hàn. Bí mítà kò bá rí ọ̀nà kọjá rárá, wáyà ti já nínú rẹ̀, pípààrọ̀ sì di dandan.

Ní ọjà, iye óòmù yìí kan náà ni àwọn òǹtajà fi ń tan àwọn òǹrajà, bí ẹni pé èyí tí ó pọ̀ jù ni ó dára jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá wé wáyà kún wáyà, ohùn yóò le sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn òkè tí ń dán yóò máa rọlẹ̀. Bí a bá sì lo wáyà tí ó túbọ̀ tín-ín-rín, iye óòmù yóò gòkè láìjẹ́ pé a wé e ní ìgbà púpọ̀ sí i. Nínú ẹgbẹ́ jùjú bíi ti King Sunny Adé, níbi tí gìtá mélòó kan ti ń dá ara wọn lóhùn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ẹyọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀, píkọ́ọ̀pù tí ń pariwo tí kò sì mọ́ gaara yóò da ọ̀rọ̀ gbogbo rú. Ohun tí òǹrajà tún gbọ́dọ̀ wò ni ìwọ̀n. Oníká-méjì tí ó fẹ̀ kò lè wọ ojú ihò Stratocaster àfi bí a bá gé e. A sì ń ṣe àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ mìíràn tí ìká méjèèjì gba inú àyè kan.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n kò fẹ́ ìkánjú. A ó kọ́kọ́ yọ gìtá kúrò lára áńpù. Ara áńpù gan-an kò gbọdọ̀ di títú fún ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé mànàmáná tí ó lè pa ènìyàn a máa wà nínú rẹ̀ nígbà mìíràn lẹ́yìn tí a ti pa á. Lẹ́yìn èyí, a ó tú okùn kúrò, a ó tẹ́ aṣọ sí orí tábìlì kí ara gìtá má baà há, a ó sì tú àwọn skúrù tí ó di àwo ike mú; mọ́kànlá ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Jẹ́jẹ́ ni kí a ṣí àwo náà. Píkọ́ọ̀pù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, súìṣì àti àwọn kókó tí a fi ń gbé ohùn sókè sódò ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, wáyà sì so wọ́n mọ́ ara gìtá. Ẹni tí ó bá fà á yọ lójijì yóò já ohun tí kò mọ orúkọ rẹ̀.

Kí ọwọ́ tó kan nǹkan kan, kí a ya àwòrán ibi tí wáyà kọ̀ọ̀kan ń lọ sórí ìwé. Ẹni tí ó bá gbẹ́kẹ̀lé orí rẹ̀ nìkan yóò kábàámọ̀ ní ìdajì iṣẹ́. Wáyà méjì ni ó ti ara píkọ́ọ̀pù oníká-kan jáde: ọ̀kan ń lọ sí súìṣì, èkejì ń lọ sí ẹ̀yìn kókó ìgbóhùnsókè. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, èyí tí ó lọ sí súìṣì a máa funfun tàbí kí ó pọ́n bí èyìnrín ẹyin, èkejì a sì dúdú. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ kan kò bá èkejì dá májẹ̀mú nípa àwọ̀, nítorí náà ìwé tí ó bá píkọ́ọ̀pù tuntun wá ni kí a tẹ̀ lé.

Òjé ni ó lẹ àwọn wáyà yìí mọ́lẹ̀. A ó fi irin gbígbóná yọ́ ọ, a ó yọ wáyà àtijọ́ kúrò, a ó sì fi òjé tuntun lẹ tuntun sí àyè rẹ̀. Níhìn-ín ni ọwọ́ àwọn tí kò tíì mọṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Wọn a mú irin tí kò gbóná tó, wọn a sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn kókó fún ìgbà pípẹ́, títí tí ooru yóò fi wọ inú kókó náà tí yóò sì bà á jẹ́. Irin tí ó gbóná dáadáa tí a fi kàn án fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sàn jù. Òjé tí ó lẹ̀ dáadáa a máa dán; èyí tí ó bá ṣù jọ bí ẹ̀kọ tí kò jiná kò tíì lẹ̀. Kí fèrèsé wà ní ṣíṣí, nítorí èéfín rẹ̀ kò dára fún ènìyàn, kí a sì fọ ọwọ́ kí a tó jẹun. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí orí irin tí a fi ń tú skúrù má ṣe yọ̀ kan wáyà bàbà tí a wé sí ara píkọ́ọ̀pù. Ọ̀kan péré tí ó bá já nínú ìwé 8,000 náà ti tó láti di etí náà pátápátá.

Kí a tó dá skúrù padà, a ó so gìtá mọ́ áńpù, a ó sì fi irin kékeré kan orí òòfà píkọ́ọ̀pù jẹ́jẹ́. Bí áńpù bá dáhùn, iṣẹ́ ti yọrí dé ìdajì. Lẹ́yìn tí okùn bá padà sórí rẹ̀, a ó gbọ́ píkọ́ọ̀pù tuntun fúnra rẹ̀, a ó sì gbọ́ òun àti èyí tí ó wà láàrin pọ̀. Bí ohùn àwọn méjèèjì bá tín-ín-rín nígbà tí wọ́n jùmọ̀ ń dún, bí ẹni tí ń ti imú sọ̀rọ̀, ìjà ni wọ́n ń bá ara wọn jà. Kí a yí wáyà méjèèjì tuntun náà sí àyè ara wọn, wọn yóò sì rẹ́.

Gíga rẹ̀ ni ó kù. A ó fi ìka tẹ okùn mọ́ ìlà irin tí ó kẹ́yìn lórí ọrùn, a ó sì wo àlàfo tí ó wà láàrin okùn àti òòfà. Nǹkan bí mìlímítà méjì dára láti fi bẹ̀rẹ̀, kí ti okùn tí ó nípọn sì fi díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí òòfà bá sún mọ́ okùn jù, yóò máa fà á, ohùn yóò sì máa yẹ̀ bí ti ẹni tí òtútù mú. Láti ibẹ̀ lọ, etí ẹni tí ó ń ta gìtá ni yóò máa tọ́ skúrù sọ́nà, ìdajì yíyí kan lẹ́ẹ̀kan. Píkọ́ọ̀pù tí a yọ, kí a wé e sínú ìwé, kí a kọ orúkọ gìtá rẹ̀ àti ọjọ́ tí a yọ ọ́ sí i lára, kí a sì fi í sínú àpótí gìtá náà, nítorí ẹni tí yóò ra gìtá náà ní ọjọ́ iwájú lè bèèrè rẹ̀.