Malt Tó Ń Rùn Bí Èéfín

Ọ̀kan nínú yín ló fa ọ̀rọ̀ òní. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti jáde ní kíláàsì mi ní Àkòkà, Glasgow ló ń gbé báyìí. Ó wá kí mi ní Sùúrùlérè lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì gbé ìgò kan kalẹ̀ bí ẹni gbé adé kalẹ̀. "Prof, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bu kóòkì sí i o. Single malt ni."

Ìyàwó mi gbọ́ láti ilé ìdáná. Ó ní, "Malt? Ẹ gbé e sí fìríìjì kó tutù." Nígbà tó jáde wá tó rí ìgò náà, ó bi ọmọ yẹn pé ta ló wá jẹ́ single níbẹ̀, ṣé ọtí ni àbí ẹni tó pọn ọ́n.

A rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni. Ní Èkó tiwa, malt kì í ṣe ọtí. Láti 1976 tí Maltina ti jáde, ohun tí à ń gbé fún ọmọdé àti àlejò tí kì í mutí ni. Bẹ́ẹ̀ malt kò ju ọkà tó ti hù lọ. Ẹ rẹ ọkà sómi, ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ sí í hù, kí ẹ wá gbẹ ẹ́ kí èhù rẹ̀ tó gùn: nǹkan funfun inú rẹ̀ ti múra tán láti di ṣúgà, ṣúgà ló sì ń di ọtí. Àwọn ìyá wa tó ń fi àgbàdo pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ mọ̀ ọ́n dáadáa. Báálì ni ti àwọn ará Skọ́tíláǹdì. Nígbà tí ìjọba wa fòfin de kíkó malt báálì wọlé ní 1988, ọkà bàbà àti àgbàdo làwọn ilé iṣẹ́ bíà wa fi ń ṣe é. Ṣé bíà wá tán ní Mushin? Kò tán o.

Single ní tirẹ̀, ilé ìpọntí kan ṣoṣo ló túmọ̀ sí. Kì í ṣe àgbá kan, kì í ṣe ọdún kan. Wọ́n lè po ọgọ́rùn-ún àgbá pọ̀, bí gbogbo rẹ̀ bá ti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ kan wá, tó sì jẹ́ malt báálì nìkan, single malt ni.

Wọ́n á kọ́kọ́ pọn ọtí bíi bíà, wọ́n á wá sè é nínú ìkòkò bàbà ńlá, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́pọ̀ ìgbà. Ọtí máa ń yára di ooru ju omi lọ, nítorí náà ooru ọtí ló ń ṣáájú gòkè. Wọ́n á fi omi tútù mú un, á tún di ohun mímu, tó mọ́ gaara. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ògógóró, ẹ ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ọ̀nà kan náà ni, àfi pé ẹmu tàbí ògùrọ̀ la fi ń bẹ̀rẹ̀ tiwa. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé òfin tiwọn ní kí ọtí náà sùn nínú àgbá igi óákù fún ọdún 3 ó kéré tán, ní Skọ́tíláǹdì níbẹ̀, kí agbára rẹ̀ má sì dín ní 40%. Igi yẹn ló ń fún un láwọ̀, tó sì ń rọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Mo bu díẹ̀ sínú ife. Erékùṣù Islay ni ìgò náà ti wá. Níbẹ̀, ilẹ̀ dúdú inú àbàtà, tí koríko ti ń jẹrà sí láti ẹgbẹ̀rún ọdún, ni wọ́n ń gé, tí wọ́n ń sá, tí wọ́n ń dá bí igi láti fi gbẹ báálì. Kí n má purọ́ fún yín, ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni òórùn oògùn tí nọ́ọ̀sì ń fi sójú egbò. Mo fẹ́ gbé ife náà sílẹ̀. Ọmọ yẹn kán omi díẹ̀ sí i, ó ní, "Ẹ tún un gbọ́, sà." Ẹ̀ẹ̀kejì, èéfín ni. Èéfín igi tútù, àti nǹkan dídùn kan lábẹ́ rẹ̀.

Kíá, mo ti wà nínú igbó lẹ́yìn ilé bàbá mi kékeré, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Dúrọ́ọ̀mù méjì, páìpù tó gba inú omi kọjá, iná lábẹ́. Ife tó bá kọ́kọ́ jáde, wọ́n á dà á sílẹ̀. Mo rò pé àwọn baba ńlá wa ni wọ́n ń fún. Wọ́n ní, "Rárá o. Orí ọtí nìyẹn. A kì í mu ún." Ẹ rí i, ní Skọ́tíláǹdì náà wọ́n ń ya orí ọtí sọ́tọ̀, wọn kì í jẹ́ kó wọ àgbá. Bàbá mi kékeré ò ka ìwé kankan. Ohun tí wọ́n mọ̀ kò sì gbà wọ́n: lọ́jọ́ kan àwọn ọlọ́pàá wọ igbó, wọ́n fi àáké fọ́ dúrọ́ọ̀mù, wọ́n mú wọn lọ. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n ṣe lẹ́wọ̀n. Illicit gin lórúkọ rẹ̀ ní kóòtù.

Ibo ni òfin yẹn ti wá? Ní oṣù kẹsàn-án 1919, àwọn ìjọba Òyìnbó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní Saint-Germain-en-Laye, ní ilẹ̀ Faransé, pé kí ọmọ Áfíríkà má ṣe pọn ọtí líle, kí irinṣẹ́ rẹ̀ pàápàá má wọlé. Jíìnì tiwọn, tó san owó ibodè, ń wọlé ní tirẹ̀ o jàre.

Ohun tó ká mi lára jù ni pé ọ̀ràn kan náà làwọn ará Skọ́tíláǹdì dá. Fún ìgbà pípẹ́, inú òkè àti àfonífojì ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń sè é ní kọ̀rọ̀, tí wọ́n ń sá fún agbowó-orí. Òfin 1823 ló yí i padà: ìjọba dín owó-orí kù, ẹni tó bá san pọ́ùn 10 lọ́dún á gba láísẹ́ńsì. George Smith ti Glenlivet gba tirẹ̀ ní 1824, àwọn aládùúgbò tó ṣì ń sè é ní kọ̀rọ̀ bínú débi pé ìbọn ló ń gbé kiri. Ìgbà tó ti bọ́ síta ni ọtí náà ti lè dúró jẹ́ẹ́ nínú àgbá. Ta ló máa fi ọtí pamọ́ fún ọdún méjìlá nígbà tí ọlọ́pàá lè dé lọ́la?

Ìfarapamọ́ ní èrè burúkú míì. Ní oṣù kẹrin 2015, ní Òde-Ìrèlè, ìlú Ìkálẹ̀ náà, ó lé ní èèyàn mẹ́wàá tó kú láàárín ọjọ́ díẹ̀, ojú àwọn kan kọ́kọ́ ṣú. Àwọn kan ní òòṣà ìlú ló ń bínú. Àyẹ̀wò fi hàn pé methanol ni. Ẹ̀yà ọtí kan ni, kò láwọ̀, kò sì sí ẹni tó lè fi ojú yà á sọ́tọ̀. Nínú ara, á di ásíìdì tó ń pa iṣan ojú. Bí ẹnì kan bá fi lú ògógóró, ta ló máa mọ̀, nígbà tí ìgò náà ò lórúkọ, tí kò sì sí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò? Lóṣù kẹfà ọdún náà, ìjọba fòfin de ògógóró. Ṣé ó wá tán?

Mo rìn lọ sí Òjúẹlẹ́gba láàárọ̀ yìí. Obìnrin kan ń ta páràga nídìí ọkọ̀, àwọn dírẹ́bà yí i ká. Mo kí i, mo bi í pé ibo ni ògógóró tó fi pò ó ti ń wá. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó rí irun funfun. "Bàbá, ẹni tó ń gbé e wá ló mọ̀. Èló lẹ fẹ́ mu?"