Igi Ìdílé Onípele: Ẹ̀bùn Bébà Tí Ẹbí Yóò Máa Tọ́jú

Iṣẹ́ àṣetiléwá kan wà tí àwọn olùkọ́ fẹ́ràn láti máa fún àwọn ọmọ: "Ẹ lọ ya igi ìdílé yín wá." Bébà tí wọ́n ń tẹ̀ fún un kì í sábà ju àpótí méje lọ: ọ̀kan fún ọmọ, méjì fún òbí, mẹ́rin fún òbí àgbà. Nínú ilé Yorùbá, àpótí méje kò lè tó. Níbo la ó fi ìyàwó kejì bàbá àgbà sí, ẹni tó tọ́ bàbá yín dàgbà? Níbo la ó fi ẹ̀gbọ́n bàbá tó san owó ilé-ìwé sí? Ọmọ tí a bí sí Kánò tàbí Jọ́ọ̀sì, tàbí tí a ń tọ́ ní Accra tàbí Abidjan, kò ní agbo ilé nítòsí tí yóò máa wò kó tó mọ ẹni tó jẹ́. Ohun tó bá rí lórí bébà ni yóò gbà gbọ́.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká ṣe tiwa. Igi onípele ni: bébà márùn-ún tí a gé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí a tò lé ara wọn, tí àyè díẹ̀ wà láàárín wọn, tí a sì fi sínú férémù onígíláàsì. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, òjìji ìpele iwájú á bọ́ sára ti ẹ̀yìn, igi á sì yọ dáadáa. Ẹ̀bùn tó yẹ ìyá àgbà tó pé 80 ọdún ni, ó yẹ tọkọtaya tuntun, ó yẹ ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lórúkọ. Owó rẹ̀ kò pọ̀, àkókò ló ń gbà. Ẹ fún ìbéèrè ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ fún gígé ní ọjọ́ méjì.

Ìdí igi ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ó ti pẹ́ tí Yorùbá ti ń fi igi ṣe àpèjúwe ìdílé. Bí ọkùnrin tó ní ìyàwó púpọ̀ bá kú, ọ̀nà méjì ni ẹbí lè gbà pín ogún rẹ̀. Bí wọ́n bá pín in ní orí-ò-jorí, ọmọ kọ̀ọ̀kan á gba tirẹ̀. Bí wọ́n bá pín in ní ìdí-igi, ìyàwó kọ̀ọ̀kan tó bímọ di ìdí igi kan, ìpín tí wọ́n ń fún wọn á sì dọ́gba, ìbáà ṣe ọmọ kan ló wà níbẹ̀ tàbí mẹ́fà. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole dé iwájú Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1962 ni wọ́n sì fìdí ìdí-igi múlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà tó ṣì wà. Wọ́n ní olórí ẹbí lè lo orí-ò-jorí bí ó bá rí i pé òun ló máa dá ìjà dúró.

Àpèjúwe yìí náà ló máa tún iṣẹ́ wa ṣe. Bàbá àgbà ni ìtì igi, ìyàwó kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀ka ńlá kan. Bí ó bá jẹ́ ìyàwó kan ṣoṣo ni, tọkọtaya jọ wà lára ìtì, àwọn ọmọ wọn á di ẹ̀ka. Bí a ó ṣe tò ó rèé, láti ẹ̀yìn wá síwájú:

Ìpele 1: bébà tí a kò gé. Orúkọ ìlú, agbo ilé àti oríkì orílẹ̀ (bíi Oníkòyí tàbí Ọ̀pómúléró) ló wà lókè rẹ̀.
Ìpele 2: ìtì igi. Bàbá àgbà àti àwọn tó bí i wà níbí.
Ìpele 3: ẹ̀ka ńlá. Àwọn ìyá ló ni ín.
Ìpele 4: ẹ̀ka kéékèèké àti ewé àwọn ọmọ, bí wọ́n ṣe dàgbà jura wọn lọ.
Ìpele 5: iwájú pátápátá. Ewé àwọn ọmọ-ọmọ, ní etí igi.

Àwọn àgbà wà lẹ́yìn, àwọn ọmọdé wà níwájú.

Ẹ béèrè kí ẹ tó mú abẹ

Ẹ má ṣe fi "Ọmọ mélòó lẹ bí, mà?" bẹ̀rẹ̀. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹ ní, "Màmá, ta ni àkọ́bí yín? Ta ló tẹ̀ lé e?" Orúkọ á máa tẹ̀ lé ara wọn wá, láìsí pé ẹnikẹ́ni ka ọmọ.

Ẹ béèrè orúkọ gidi. Ọ̀pọ̀ wa ló mọ ìyá àgbà sí "Ìyá Ìbejì", "Màmá Kánò" tàbí "Ìyá Aláṣọ". Ìyàwó ilé kì í sì pe ọmọ ọkọ lórúkọ. "Adúmáadán" tàbí "Ìbàdíàrán" ni yóò fi máa pè é títí tí orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ níjọ́ kẹjọ fi máa pamọ́. Ẹ kọ orúkọ méjì sórí ewé kọ̀ọ̀kan: èyí tí wọ́n sọ ọ́ tàbí tó mú tọ̀run wá, àti oríkì rẹ̀, bí Àdùkẹ́ tàbí Àkànní.

Bí àgbà kò bá mọ ọdún tí wọ́n bí i, ẹ fi ìṣẹ̀lẹ̀ wá a. Ṣé wọ́n ti bí i kí Nàìjíríà tó gba òmìnira ní 1960? Ṣé ogun abẹ́lé, 1967 sí 1970, bá a nílé-ìwé? Ṣé ó ti ń rìn nígbà tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gba apá ọ̀tún ní Nàìjíríà ní oṣù kẹrin 1972, tàbí nígbà tí náírà rọ́pò pọ́n-ùn ní oṣù kìíní 1973? Ìdílé tó ti gbé Ghana rí ní ìbéèrè tiwọn: ṣé ṣáájú àṣẹ tí ìjọba Busia pa ní oṣù kọkànlá 1969 ni, èyí tó mú kí ọ̀pọ̀ Yorùbá kó ẹrù padà wálé, àbí lẹ́yìn rẹ̀? Ó lè jẹ́ ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀ka kan nínú igi yín yà lọ sí ibòmíràn.

Ewé tí kò sí níbẹ̀

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tó bá gbọ́ èdè lè gba ojú orúkọ náà padà wo ilé. Ìgè fi ẹsẹ̀ wáyé, Àjàyí dojú bolẹ̀, Òjó àti Àìná gbé ìwọ́ kọ́rùn. Babátúndé ń sọ fún yín pé bàbá àgbà ti lọ kí wọ́n tó bí i. Yétúndé ń sọ ti ìyá àgbà. Táyé ló kọ́kọ́ dé, àmọ́ Kẹ́hìndé là ń pè ní ẹ̀gbọ́n, nítorí náà ewé Kẹ́hìndé ló máa wà lókè.

Orúkọ náà tún máa ń tọ́ka sí ẹni tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ. Ẹ wo ìwé tí ẹ kọ: Ìdòwú wà níbẹ̀, kò sì sí ìbejì ṣáájú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ewé méjì ti já. Rótìmí, Kòsọ́kọ́, Málọmọ́, Dúrójayé: ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ ohun tí ojú ìyá wọn ti rí. Òkú ọ̀fọ̀ ni, a kì í sọ ọ́ láàárín èrò. Ìyá mìíràn wà tí kò tíì dárúkọ ọmọ yẹn láti ogójì ọdún.

Ẹ má ṣe béèrè rẹ̀ lórí fóònù, ẹ má sì béèrè rẹ̀ níwájú àwọn ọmọdé. Kí obìnrin tó sún mọ́ màmá, bóyá ọmọ rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀, jókòó tì í nígbà tí ilé bá dákẹ́. Kó ṣàlàyé ohun tí ẹ ń ṣe, kó wá ní, "Ṣé kí a kọ wọ́n síbẹ̀ ni, mà, àbí kí a fi wọ́n sílẹ̀?" Ohun tí màmá bá sọ labẹ́ gé. Bí ó bá ní kí ẹ kọ ọ́, kí ewé náà bá ti àwọn yòókù dọ́gba, kí àwọ̀ wọn jẹ́ ọ̀kan. Bí ó bá fẹ́ kó wà láìdárúkọ, ẹ fi ewé tí a kò kọ nǹkan sí síbẹ̀. Àlejò á rò pé ọ̀ṣọ́ ni, màmá á mọ̀. Bí ó bá sì ní rárá, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ tí a gbà tọ́, ọmọ ni; ewé rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Ti ọmọ tí bàbá bí síta, ẹ gbé e lọ bá olórí ẹbí kí ẹ tó gé ohunkóhun. Kí ẹ sì sọ fún gbogbo ilé látìbẹ̀rẹ̀ pé ewé kì í ṣe ìwé ogún. Ẹ̀bùn ni.

Ohun èlò

Bébà líle A3 márùn-ún (sẹ̀ǹtímítà 29.7 sí 42), irú èyí tí àwọn atẹ̀wé fi ń ṣe káàdì ìkésíni, 200 sí 250 giráàmù. Kí ti ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ jù, kí ti iwájú ṣú jù, kí orúkọ lè hàn.
Bébà aláwọ̀ ewé tó mọ́lẹ̀, fún ewé.
Abẹ bébà àti bíléèdì tuntun mélòó kan, rúlà onírin, páálí tó nípọn láti gé e lé.
Páálí kátọ́ọ̀nù tó nípọn tó mìlímítà 3, gọ́ọ̀mù funfun.
Férémù onígíláàsì tí inú rẹ̀ jìn tó sẹ̀ǹtímítà 3. Káfíńtà àdúgbò lè kàn án.

Bí a ṣe ń ṣe é

1. Ẹ fi pẹ́ńsùlù ya gbogbo igi sórí bébà kan ṣoṣo, kí ìpele kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 2.5 sílẹ̀ yíká etí. Ibí ni ẹ ó ti rí i bí ìpele iwájú bá ń bo orúkọ ẹni tó wà lẹ́yìn.

2. Ẹ tọ ìpele kọ̀ọ̀kan sórí bébà tirẹ̀. Ẹ lè lo bébà kábọ̀n, tàbí kí ẹ gbé e lé gíláàsì fèrèsé. Ohun gbogbo tó wà nínú ìpele gbọ́dọ̀ kan etí bébà níbi méjì, ó kéré tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á ṣubú tàbí kó rọ̀ sílẹ̀.

3. Ẹ kọ́kọ́ gé ihò kéékèèké, kí ẹ fi èyí tó tóbi ṣe ìkẹyìn, torí bí a ṣe ń gé bébà ni agbára rẹ̀ ń dín kù. Ẹ máa yí bébà, ẹ má yí ọwọ́. Bí abẹ bá ti ń fa bébà ya, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ àgbà ni èyí. Kí àwọn ọmọ máa fi sísọ́ọ̀sì gé ewé.

4. Ẹ gé ewé lọ́tọ̀, kí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 3, kí ó fẹ̀ ní 1.5. Ẹ kọ orúkọ kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì fi àmì sí i. Láìsí àmì, ta ló máa mọ̀ bóyá Ayọ̀ ni tàbí ayò tí à ń ta? Bí ẹ bá ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀ ẹ́, Charis SIL tàbí Noto Serif máa ń gbé àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ dáadáa.

5. Ẹ gé páálí kátọ́ọ̀nù ní ọ̀já tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1, kí ẹ lẹ méjì pọ̀ kó di mìlímítà 6. Ẹ lẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn etí ìpele 2 sí 5. Àyè mẹ́rin náà jẹ́ mìlímítà 24, férémù yín á gbà á. Gọ́ọ̀mù díẹ̀ ló tó. Bí ó bá pọ̀, bébà á hunjọ.

6. Ẹ tò wọ́n láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ẹ fi ìwé ńlá tẹ etí wọn mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó gbé e sínú férémù.

Ẹ má gbé e kọ́ síbi tí oòrùn ti ń pa á, tàbí sára ògiri tó máa ń tutù lásìkò òjò. Bí ẹ bá fẹ́ lẹ fọ́tò sí i, ẹ̀dà rẹ̀ ni kí ẹ lò. Ẹ jẹ́ kí ti àtijọ́ wà nínú àpótí màmá.

Kí ẹ tó dé ẹ̀yìn férémù, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣe é sí i, àti ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan fún yín. Ẹ wá lẹ àpò ìwé kékeré kan mọ́ ẹ̀yìn férémù náà, kí ẹ fi ewé mẹ́wàá tí a kò tíì kọ nǹkan sí sínú rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń bọ̀ ló ni wọ́n.