Gíábọ́ọ̀sì mọ́tò yín ń jò? Ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀ ná

Ẹ̀yin baba àti ìyá wa tẹ́ ẹ ṣì ń tọ́jú mọ́tò àtijọ́ sínú àgbàlá nílùú Ẹdẹ, ẹ wo ilẹ̀ ibi tó sùn sí láàárọ̀ ọ̀la. Bí ọ́ìlì bá ti kán síbẹ̀, ẹ má kàn bu iyẹ̀pẹ̀ lé e kẹ́ ẹ máa lọ. Gíábọ́ọ̀sì tí ọ́ìlì rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ kì í tètè ké. Nígbà tẹ́ ẹ bá fi máa gbọ́ ariwo rẹ̀, àwọn irin inú rẹ̀ ti ń jẹ ara wọn. Owó ọ́ìlì àti owó gíábọ́ọ̀sì tòkúnbọ̀ kì í sì í ṣe ẹgbẹ́.

Yálà Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kàdúná lọ́dún 1975 lẹ ní o, tàbí Volkswagen ìjàpá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò l'Ékòó lọ́dún kan náà, kì í ṣe sípánà lẹ máa kọ́kọ́ mú. Ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ mọ́tò mọ́jú. Ọ́ìlì gíà sábà máa ń ki, òórùn rẹ̀ a sì dà bíi ti ẹyin tó ti bàjẹ́. Ti ẹ́ńjìnnì máa ń dúdú. Bó bá ṣàn bí omi, tó ń yọ̀, tó sì wà nítòsí táyà, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ omi búrẹ́ẹ̀kì. Ẹ má wa mọ́tò yẹn lọ síbì kankan, ẹ pe mẹkáníìkì wá bá a nílé.

Bó bá wá jẹ́ gíábọ́ọ̀sì lóòótọ́, ẹ nu gbogbo ara rẹ̀ mọ́, ẹ wa mọ́tò díẹ̀, kẹ́ ẹ tún wò ó. Nígbà mìíràn, ìdí nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń da ọ́ìlì nù ló ti ń jò, wáṣà tuntun lásán á sì yanjú ẹ̀. Ihò kékeré kan tún wà tí gíábọ́ọ̀sì fi ń mí. Bí eruku bá dí i, agbára ooru á máa ti ọ́ìlì jáde lára ọ́ìlì síìlì, ẹ ó wá rò pé síìlì ló bàjẹ́. Ẹ fọ ihò yẹn kẹ́ ẹ tó náwó. Ṣùgbọ́n tó bá ń kán láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì, àfi kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Iṣẹ́ mẹkáníìkì nìyẹn, kì í ṣe ti baba ẹni ọdún 70.

Ẹ jọ̀ọ́, jáàkì wà fún gbígbé mọ́tò sókè ni, kò wà fún gbígbé e dúró. Ẹ má wọ abẹ́ mọ́tò tí jáàkì nìkan gbé. Búlọ́ọ̀kù náà kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, ó lè fọ́ lójijì láìfi àmì kankan hàn. Ẹ wá sítáǹdì onírin, ẹ fi igi di táyà, kí ilẹ̀ ibẹ̀ sì le dáadáa, pàápàá nígbà òjò. Ẹ má dá a ṣe.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì náà, nọ́ọ̀tì ibi tí wọ́n ń dà á sí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tú. Mo rí àwọn tó da ọ́ìlì nù tán, tí nọ́ọ̀tì òkè wá kọ̀ tí kò tú, tí mọ́tò sì wà lórí ìdúró! Ọ̀pọ̀ Peugeot 504 àtijọ́ ń lo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì nínú gíábọ́ọ̀sì, ìjàpá ní tirẹ̀ ń lo ọ́ìlì gíà tó ki, nǹkan bíi lítà 2.5. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ GL-4 sí lára fún un. Kí mọ́tò dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kẹ́ ẹ dà á títí tí á fi fẹ́ máa ṣàn padà lẹ́nu ihò.

Ọ́ìlì tẹ́ ẹ dà nù ńkọ́? Ẹ má dà á sí gọ́tà tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, torí omi náà la ó mu. Ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, kẹ́ ẹ kó o fún mẹkáníìkì tó ń gbà á. Ẹ má rọ ọ́ sínú ike omi o, pàápàá kẹrosíìnì tẹ́ ẹ fi fọ irin. Bí ọmọ bá ṣèèṣì mu ún, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì fi ìka mú un bì, torí ó lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ mú ike náà dání kí dókítà lè rí ohun tó mu.