Àtẹ̀jíṣẹ́ àti Ohùn Yorùbá

Nínú gbogbo àyípadà tí ó ti dé bá wa láti ìgbà tí tẹlifóònù alágbèéká ti wọ ilẹ̀ yìí, ọ̀kan wà tí kò pariwo rárá nígbà tí ó ń bọ̀. Tẹlifóònù tí a tìtorí ohùn rà ni a ti sọ di wàláà ìkọ̀wé. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ èrò láti Ìbàdàn lọ sí Èkó lónìí, tí ó sì wo àwọn tí ó jókòó tì í, yóò rí i pé àtàǹpàkò ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn fi ń sọ̀rọ̀. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín ni iṣẹ́ tí àyípadà yìí ń ṣe lára èdè Yorùbá, èdè tí ohùn jẹ́ apá kan nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Ọ̀pẹ 1992, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹnjiníà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Neil Papworth, jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí tẹlifóònù Richard Jarvis, ọ̀gá kan ní ilé iṣẹ́ Vodafone. Ìkíni ọdún Kérésìmesì ni ó kọ sínú rẹ̀. Jarvis kò lè fi tẹlifóònù náà dá a lóhùn, nítorí pé tẹlifóònù ìgbà náà lè gba iṣẹ́ ṣùgbọ́n kò lè rán an. Ọmọ Yorùbá tí ó bá gbọ́ èyí yóò rẹ́rìn-ín: ìkíni tí a kò lè jẹ́! Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní 2012, Ofcom, àjọ tí ń bójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kéde pé ìdá 58 nínú 100 àwọn àgbàlagbà ibẹ̀ ni ó ń kọ àtẹ̀jíṣẹ́ lójoojúmọ́, nígbà tí àwọn tí ń fi tẹlifóònù alágbèéká pe ènìyàn lójoojúmọ́ jẹ́ ìdá 47.

Ní ilẹ̀ tiwa, owó ni ó kọ́kọ́ tì wá sí i. Kí GSM tó dé ní oṣù Ògún 2001, okùn tẹlifóònù NITEL ní gbogbo Nàìjíríà kò tó ìdajì mílíọ̀nù, bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn orílẹ̀-èdè yìí ti ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù lọ. Nígbà tí GSM sì dé, náírà 50 ni ìṣẹ́jú kan, ẹni tí kò sì sọ̀rọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ yóò san owó odidi ìṣẹ́jú. Ó di 2003, nígbà tí Glo wọlé, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìṣẹ́jú àáyá ṣírò owó ìpè. Ọmọdé ni mí nígbà náà, ṣùgbọ́n mo rántí bí àwọn àgbà ti ń to ọ̀rọ̀ wọn jọ sẹ́nu kí wọ́n tó tẹ nọ́ńbà, bí ẹni tí yóò ka ẹ̀kọ́ níwájú ìjọ. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni a kọ́ bí a ti í ṣọ́ ohùn ná. A kọ́ fíláàṣì, èyíinì ni ìpè ẹ̀ẹ̀kan tí a óò gé kí ẹni tí a pè tó gbé e, tí àwọn méjèèjì sì ti fi ohùn ṣọ̀kan tẹ́lẹ̀ nípa ìtumọ̀ rẹ̀: "Mo ti dé," tàbí "Pè mí padà." A sì kọ́ àtẹ̀jíṣẹ́, tí owó rẹ̀ kò tó ti ìpè.

Nígbà tí WhatsApp àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá gbilẹ̀, ọ̀rọ̀ kúrò ní ti owó nìkan. Àtẹ̀jíṣẹ́ kì í dá ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ dúró. Aládùúgbò kì í gbọ́ ọ. A lè wá a rí lọ́jọ́ mìíràn bí àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀ lórí iye tí a dúnàádúrà sí. Ta ni yóò fẹ́ fi etí gba nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì nínú ariwo ọjà? Nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí, àtẹ̀jíṣẹ́ sàn ju ìpè lọ, kò sì sí ìdí tí a ó fi máa ṣe bí ẹni pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà a máa sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Tẹlifóònù ti kọ́kọ́ mú ojú kúrò nínú ọ̀rọ̀, ó ku ohùn. Àtẹ̀jíṣẹ́ wá mú ohùn náà lọ. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí ó bá ohùn lọ ni ìmí ọkàn ẹni tí ń sọ̀rọ̀, bóyá inú ń bí i ni tàbí ó ń ṣe àwàdà. Àwọn àwòrán ojú kéékèèké tí à ń fi parí àtẹ̀jíṣẹ́ sì ń tún díẹ̀ ṣe níbẹ̀. Ní èdè Yorùbá, ara ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó bá ohùn lọ.

Ẹnì kan lè sọ pé láti ayébáyé ni Yorùbá ti ń ránṣẹ́ láìfọhùn, pé àrokò kì í sọ̀rọ̀. Òtítọ́ ni pé kì í sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin bá fi ẹyọ owó mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ̀dọ́mọbìnrin, ẹni tí ó gbà á ní láti pe iye rẹ̀ kí ó tó mọ̀ ọ́n: ẹẹ́fà, nítorí náà ọkàn mi fà sí ọ. Bí ó bá fi mẹ́jọ dá a padà, ẹẹ́jọ ni: èrò wa jọ. Ẹni tí kò bá gbọ́ Yorùbá, ẹyọ owó lásán ni ó rí. Ohùn ni ó ń tú àrokò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ọkàn ni ó ti dún.

Ohun tí ó tún súnmọ́ àtẹ̀jíṣẹ́ jù ú lọ ni ìlù dùndún, ṣùgbọ́n ńṣe ni àwọn méjèèjì kọ ẹ̀yìn sí ara wọn. Dùndún a máa gbé ohùn ọ̀rọ̀ jáde, yóò sì fi kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì sílẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ bí a ti ń kọ ọ́ lónìí a máa gbé kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì, yóò sì fi ohùn sílẹ̀. Lórí awọ, ọkọ̀, ilẹ̀, ọbẹ̀ àti ẹsẹ̀ kò yàtọ̀ sí ara wọn: ohùn àárín, lẹ́yìn náà ohùn ìsàlẹ̀. Àyàn mọ èyí, nítorí náà kì í dá ọ̀rọ̀ kan sọ. Oríkì, òwe àti gbólóhùn gígùn tí etí ti mọ̀ ni ó ń lò, kí ọ̀rọ̀ kan lè máa ṣe ẹlẹ́rìí èkejì. Àwa tí ń kọ àtẹ̀jíṣẹ́ kò ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Kàkà kí a fa ọ̀rọ̀ gùn kí ó lè yé ni, ńṣe ni a ń gé e kúrú.

Ẹ wo gbólóhùn kúkúrú yìí: "Baba ko wa." Ó lè jẹ́ "Bàbá kò wá," kí a sì máa retí wọn lọ́la. Ó lè jẹ́ "Bàbá kọ́ wa," kí a sì máa dúpẹ́. Ó sì lè jẹ́ "Bàbá kọ̀ wá," tí ó jẹ́ ẹkún. Èyí tí ó tẹ̀ lé e tún léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ: "N o san owo naa." Bí ẹni tí ó jẹ gbèsè bá kọ èyí sí olówó, ṣé "N ó san owó náà" ni, tí í ṣe ìlérí, àbí "N ò san owó náà," tí í ṣe ìjẹ́wọ́ pé kò tíì san án? Lẹ́nu, kò sí ọmọ ọdún mẹ́ta tí yóò ṣi èyí gbọ́. Nínú ìwé, àfi kí a pe ẹni náà.

Kí ni ìdí rẹ̀ tí a kò fi ń kọ àmì ohùn sí i? A sábà máa ń dá ọ̀lẹ lẹ́bi, ṣùgbọ́n ìdí kan wà nínú ẹ̀rọ náà. Ní 1985, ẹnjiníà ará Jámánì kan, Friedhelm Hillebrand, ka iye lẹ́tà tí ó wà nínú àwọn gbólóhùn tí ènìyàn sábà ń kọ, ó sì pinnu pé lẹ́tà 160 tó fún iṣẹ́ kan. Kí 160 tó lè wọ inú àyè kékeré tí a pèsè fún un, a ṣe àkójọ lẹ́tà tí àtẹ̀jíṣẹ́ yóò máa lò, èdè àwọn ará Yúróòpù ni a sì fojú sí. Lẹ́tà "à," "è," "é," "ì," "ò" àti "ù" wà nínú rẹ̀, nítorí pé àwọn ará Faransé àti Ítálì ń lò wọ́n. Lẹ́tà "á," "í," "ó" àti "ú" kò sí níbẹ̀. Lẹ́tà "ẹ," "ọ" àti "ṣ" kò sí níbẹ̀ rárá. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn tí kò sí yìí bá wọ inú iṣẹ́ kan, ẹ̀rọ yóò yí gbogbo rẹ̀ sí ọ̀nà ìkọ̀wé mìíràn tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ti ń gba àyè púpọ̀, àyè 160 yóò sì di 70. "Ẹ́" tilẹ̀ ń gba àyè méjì, ọ̀kan fún lẹ́tà, ọ̀kan fún àmì orí rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá kọ Yorùbá bí ó ti yẹ yóò san owó ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹ sì kíyè sí ohun ìyanu yìí: "n ò san" wọ inú àkójọ náà, ṣùgbọ́n "n ó san" kò wọ̀ ọ́. Ìlérí ni ẹ̀rọ náà fi owó kún.

Lórí WhatsApp, ìdínà 70 yìí kò sí mọ́, ṣùgbọ́n àṣà tí ó dá sílẹ̀ ti mọ́ wa lọ́wọ́, ó sì ti bí ọmọ tí ó burú ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Nítorí pé Yorùbá tí kò ní àmì ṣòro láti kà, àwọn tí ń sọ Yorùbá sí ara wọn láti àárọ̀ di alẹ́ a máa kọ Gẹ̀ẹ́sì sí ara wọn. Tọkọtaya tí wọ́n jọ ń fi Yorùbá jà ń fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ ara wọn nínú àtẹ̀jíṣẹ́. Ìpàdé ẹbí tí ó jẹ́ pé Yorùbá ni a fi ń ṣe é ní yàrá bàbá àgbà, bí ó bá ti bọ́ sórí WhatsApp, Gẹ̀ẹ́sì ni akọ̀wé yóò fi kéde rẹ̀.

Ibi tí mo ti rí oró èyí jù lọ ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀. Ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí, ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí síbẹ̀ kò kọ́ Yorùbá nínú ìwé rí. Etí ni wọ́n fi gbọ́ èyí tí wọ́n mọ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n sì gbọ́ nígbà tí òbí wọn bá gbé tẹlifóònù sórí tábìlì ní ọjọ́ Àìkú, tí ìyá àgbà bá ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti Ìjẹ̀bú tàbí Ọ̀ṣun, tí ó sì ń ki ẹnì kọ̀ọ̀kan ní oríkì rẹ̀. Bí ìpè náà bá dáwọ́ dúró, tí "Good morning Grandma" lórí àtẹ̀jíṣẹ́ sì gba ipò rẹ̀, kò sí ibòmíràn tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò ti gbọ́ àjíkẹ́ àti àkànní rẹ̀.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé ọ̀wọ̀ pẹ̀lú. Ní ojú ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, ọmọ tí ó kọ ìkíni ọdún ránṣẹ́ dípò kí ó pè kò tíì kí ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtúfọ̀: òkú àgbà ní ìlànà tí a fi ń kéde rẹ̀ fún àwọn tí ó kàn, a ó rán ènìyàn, a ó pẹ́ ọ̀rọ̀ sọ. Ẹni tí ó bá sáré kọ ọ́ sí orí ìkànnì kí àkọ́bí olóògbé tó gbọ́ ti ṣe ohun tí a kò ní tètè gbàgbé.

Síbẹ̀, àwọn ènìyàn wa kò káwọ́ gbera. Ní 2013 ni WhatsApp fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹnu tí a gbà sílẹ̀ tí a sì fi ránṣẹ́, tí a ń pè ní fóìsì nóòtù. Àwọn ìyá ọlọ́jà tí wọn kò mọ̀wé gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Kì í ṣe ìpè, nítorí pé ẹnì kejì kò sí níbẹ̀. Kì í sì í ṣe ìwé. Ẹ tẹ́tí sí bí àgbàlagbà ti ń lò ó. Yóò kí ni, yóò dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni tí ń gbọ́ èsì, yóò wá ní "Ẹ ṣé o, adúpẹ́," kí ó tó bèèrè àwọn ọmọ. Ó ti fún ẹni tí kò sí níbẹ̀ ní àyè láti jẹ́ ìkíni! Ohun tí Jarvis kò lè ṣe ní 1992 ni ìyá arúgbó ń bá a ṣe. Ṣùgbọ́n fóìsì nóòtù kò lè gba ipò ìwé. A kò lè fi ojú wá ọ̀rọ̀ kan rí nínú rẹ̀, a kò sì lè gbọ́ ọ nínú ìpàdé.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ àmì kù sí ọwọ́ àwa tí a ń kọ́ni. Èmi kò sí lára àwọn tí ń sọ pé kí a fi gbogbo àmì sórí gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́, nítorí kò sí ẹni tí yóò ṣe é. Àwọn ìwé Yorùbá àtijọ́ pàápàá kì í fi àmì ohùn sí gbogbo ọ̀rọ̀; ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti lè rújú ni wọ́n ti sábà ń fi í sí. Irú ìlànà bẹ́ẹ̀ tó fún tẹlifóònù: kí àmì abẹ́ lẹ́tà má ṣe wọ́n rárá, kí a sì fi àmì ohùn sí ibi tí ìtumọ̀ bá ti lè forí gbárí, pàápàá lórí "ó" àti "ò." Gboard, tí ó wà lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ tẹlifóònù, ní èdè Yorùbá nínú, ẹni tí ó bá yàn án yóò rí "ẹ" àti "ọ" láìwá wọn jìnnà. Olùkọ́ tí ó bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́la lè kọ "N o san owo naa" sára pátákó, kí ó ní kí àwọn ọmọ kà á sókè lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó sì ka iye àwọn tí ó san gbèsè náà àti iye àwọn tí kò san án.