Àtinúdá Nínú Èdè: Ohun tí Bassila àti Manigri Lè Kọ́ Wa

Ọ̀pọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ ló gbà pé ẹ̀bùn àwọn akéwì àti òǹkọ̀wé nìkan ni àtinúdá. Bí a bá ní kí ẹnì kan kọ ìtàn kékeré fún ojú ewé yìí, yóò ní Ọlọ́run kò dá òun bẹ́ẹ̀. Ó yani lẹ́nu láti gbọ́ irú èyí lẹ́nu ẹni tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. Nínú ìwé tí Chomsky tẹ̀ jáde ní 1965, ó tẹnu mọ́ ọn pé ẹni tó gbọ́ èdè kan lè sọ gbólóhùn tí kò gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí. Ọmọ ọdún mẹ́rin ń ṣe é. Èyí tó ṣòro ni kí a dá ohun tí ẹlòmíràn yóò fẹ́ tún sọ, ìyẹn ló sì ń fẹ́ ìtọ́jú.

Ẹ jẹ́ kí a wo Bassila àti Manigri, ní ìpínlẹ̀ Donga, lórílẹ̀-èdè Benin. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni wọ́n wà, wọn kò sì jìnnà síra. Anii ni èdè onílé ní Bassila. Nàgó, ọmọ ìyá Yorùbá wa, ni ti Manigri, irú rẹ̀ sì wà ní Kambolé lápá Tógò. Faransé ni ti ilé-ìwé. Ẹni tó bá dàgbà láàárín irú èdè báyìí tètè ń rí i pé orúkọ kò lẹ̀ mọ́ nǹkan. Nínú Yorùbá, bí a bá yá ọ̀rọ̀-orúkọ, ó wọlé, ó jókòó. Anii ní tirẹ̀ pín ọ̀rọ̀-orúkọ sí ìsọ̀rí ìsọ̀rí, àwọn ọ̀rọ̀ tó ń bá a rìn sì gbọ́dọ̀ bá ìsọ̀rí rẹ̀ mu. Àlejò ní láti ní ẹbí níbẹ̀. Ẹni tó mọ ọ̀nà méjèèjì ní ohun tó lè fi ṣeré.

Inú irú eré bẹ́ẹ̀ ni àtinúdá ti ń jáde. Ẹ wo alùpùpù tó ń kó èrò. Ìró ẹ́ńjìnnì ló bí orúkọ alùpùpù fúnra rẹ̀. Àwọn Fọ̀n gbọ́ ohun tí èrò ń fẹ́, "gbé mi kíákíá", wọ́n sì pè é ní zémìjàn, tó ti tàn ká gbogbo Benin. Ní Nàìjíríà, orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada ni wọ́n fi ṣẹ̀fẹ̀: ọ̀kadà. Ilé-iṣẹ́ náà ti kógbá sílé. Orúkọ ọ̀hún ṣì ń sáré kiri títì.

Àwọn ọ̀mọ̀wé náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tẹ́lẹ̀, Ewe ni wọ́n ń pe gbogbo ẹbí Fọ̀n, Gẹn àti Ewe pọ̀. Hounkpati Capo ṣàkíyèsí pé "gbè" ni gbogbo wọn ń pe èdè. Ó dábàá Gbe, wọ́n sì gbà á níbi àpérò lórí àwọn èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní Kútọnu ní 1980. Kò ṣẹ̀dá ìró tuntun kankan. Etí ló lò.

Ìdí nìyí tí ìwé àkọsílẹ̀ kékeré fi wúlò ju dídúró de ìmísí lọ. Ohun tí ẹ bá gbọ́ ní gáréèjì tàbí lọ́jà, ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́; ẹ má tún un ṣe sí Yorùbá àjùmọ̀lò. Èyí kan ọmọ Manigri gan-an. Ẹni tí wọ́n bá ń sọ fún lójoojúmọ́ pé Nàgó ilé rẹ̀ kì í ṣe ojúlówó Yorùbá, kò ní pẹ́ dákẹ́. Ohun tó kà nínú ìwé nìkan ni yóò máa tún kọ. Kí a má sì fi àkọtọ́ dí i lọ́wọ́. Álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè Benin, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1975, ń lo ɛ, ɔ, sh àti kp níbi tí àwa ń lo ẹ, ọ, ṣ àti p. (Lójú tiwa, kp tilẹ̀ sún mọ́ ohun tí ẹnu ń pè jù.) Kí ó kọ ọ́ tán ná, iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni yíyí lẹ́tà padà.

Ẹ dán èyí wò ní ìsinmi tó ń bọ̀. Ẹ wá ohun kan lọ́jà tó jẹ́ pé orúkọ òyìnbó nìkan ló ní. Ẹ sọ ọ́ lórúkọ mẹ́ta: èyí tó tara ìró wá, èyí tó sọ iṣẹ́ rẹ̀ (àfòmọ́ a- yóò wúlò níbẹ̀, bíi ti amúlétutù), àti èyí tó jẹ́ ẹ̀fẹ̀. Ẹ má sọ pé ẹ̀yin lẹ dá a. Ẹ kàn máa fi ra ọjà. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ padà lọ gbọ́ èyí tó wà lẹ́nu ìyá ọlọ́jà.